Ọkà Bálì Kì í Gbàgbé Ọjọ́ Tí Wọ́n Fún Un ní Ajílẹ̀

Ní òde àríyá wa, tí wọ́n bá bi èèyàn pé kí ló máa mu, bí kò bá sọ pé bíà, mọ́ọ̀tì ló máa sọ. Wọ́n á fún aláboyún, wọ́n á fún ọmọdé, wọ́n á fún pásítọ̀ àti àlùfáà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pò ó mọ́ mílíìkì, wọ́n ní ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. (Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n ẹ bi èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀ pé kí ni mọ́ọ̀tì gan-an. Mẹ́sàn-án á kàn na ìgò sí yín ni.

Mọ́ọ̀tì kì í ṣe orúkọ ohun mímu. Ọkà ni. Ọkà tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru dá a dúró kó má bàa di irúgbìn gidi. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò nílò àlàyé tó pọ̀: wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á fi ewé bò ó kó lè hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é. Iṣẹ́ kan náà ni. Àmọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọkà bálì ni wọ́n ń lò jù. Ẹ mọ̀ ọ́n nínú Bíbélì: òun ni Rúùtù lọ ń ṣa lóko Bóásì, òun náà ni wọ́n fi ṣe ìṣù àkàrà márùn-ún tó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kékeré ìjọ́sí.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí ni ọjọ́ tí àgbẹ̀ fún ọkà yìí ní ajílẹ̀. Kì í ṣe iye àpò nìkan o. Ọjọ́. Èrò mi ni pé nínú gbogbo ìpinnu tí àgbẹ̀ tó ń gbin bálì fún mọ́ọ̀tì máa ń ṣe láàárín ọdún, bóyá ni òmíràn wà tí àṣìṣe inú rẹ̀ wọ́n tó èyí. Síbẹ̀, àwọn kan lára àwọn tó ń ra ọkà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ẹ̀bi. Apá kan ẹ̀bi yẹn, ti àgbẹ̀ ni. Apá tó kù, ojú ọ̀run ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la hóró bálì kan sí méjì. Ibi funfun tó gba àyè jù nínú rẹ̀, sítáàṣì ló kún ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá po mọ́ọ̀tì mọ́ omi gbígbóná, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ti wà nínú ọkà á máa gé sítáàṣì yẹn sí wẹ́wẹ́ títí tó fi máa di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà ń jẹ tó fi ń sọ ọ́ di ọtí. Nítorí náà, ẹni tó bá ra tọ́ọ̀nù bálì kan fún mọ́ọ̀tì, sítáàṣì ló rà ní tòótọ́. Ohunkóhun tó bá gba àyè sítáàṣì, owó rẹ̀ ló ń jẹ.

Purotéènì sì ni olórí àwọn tó ń gba àyè yẹn. Èyí tí bálì ń tọ́jú pamọ́ fún ọmọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hordein. Ó máa ń di àwọn sítáàṣì mú bí símẹ́ńtì ṣe ń di òkúta wẹ́wẹ́ mú. Tó bá ti pọ̀ jù, omi kì í tètè wọnú ọkà nígbà tí wọ́n bá rẹ ẹ́. Ẹ́ńsáìmù kì í tètè dé ibi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tí ọkà ti ń hù, ẹ á ṣì rí hóró tí apá kan rẹ̀ rọ̀, tí apá kejì sì le gbagidi. Tí wọ́n bá wá fi pọn bíà, purotéènì tó ṣẹ́ kù á dì mọ́ àwọn èròjà kan láti inú èèpo ọkà, bíà á sì rú bí omi odò tí màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá. Ẹni tó fẹ́ bíà tó mọ́ kedere kò ní sanwó fún ìyẹn.

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Láàárín 1930 sí 1939, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, L. R. Bishop, fi ìṣirò hàn pé tí èèyàn bá ti mọ iye náítírójìn tó wà nínú bálì àti bí hóró rẹ̀ ṣe wúwo tó, ó lè sọ ṣáájú, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkà náà, iye ohun dídùn tí mọ́ọ̀tì rẹ̀ máa mú jáde. Náítírójìn gòkè, ṣúgà wálẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró o. Ẹni tó bá wá torí èyí sọ pé kí purotéènì kúrò pátápátá, ó ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀, purotéènì ni. Ìwúkàrà náà nílò náítírójìn kó tó lè bí sí i, tí ebi rẹ̀ bá sì ń pa á, á dá iṣẹ́ dúró sí agbede méjì. Ìfófó funfun tó máa ń wà lórí bíà, purotéènì ló gbé e dúró. Bálì tí purotéènì rẹ̀ kéré jù, mọ́ọ̀tì aláìlágbára ló máa ń di. Ojú ọ̀nà tóóró ni wọ́n ń rìn: ọ̀pọ̀ oníbíà ní Yúróòpù ń fẹ́ purotéènì láàárín nǹkan bíi 9.5% sí 11.5%. Ní Amẹ́ríkà, fún bálì onílà méjì, wọ́n fẹ́ kó má kọjá 12% fún bíà tí mọ́ọ̀tì nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà kó dé 13% tí wọ́n bá máa po àgbàdo tàbí ìrẹsì mọ́ ọn. Ní Bìrìtìkó, náítírójìn gan-an ni wọ́n máa ń kà, kì í ṣe purotéènì. Àwọn tó ń ṣe wíìskì mọ́ọ̀tì ní Scotland sábà máa ń fẹ́ kó má ju 1.65% lọ, fún bíà, ó lè dé nǹkan bíi 1.85%. Tí ẹ bá fẹ́ sọ náítírójìn di purotéènì, ẹ fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀: 1.65% á fún yín ní purotéènì bíi 10.3%.

Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn náítírójìn inú ọkà? Ilé ìwádìí tí J. C. Jacobsen, olówó ilé iṣẹ́ bíà Carlsberg, dá sílẹ̀ ní Copenhagen ní 1875 ni. Ibẹ̀ ni Johan Kjeldahl ti ń ṣiṣẹ́ lórí purotéènì inú ọkà. Ọ̀nà tí wọ́n ní nígbà náà falẹ̀, ó sì le. Ní 1883, ó gbé ọ̀nà tuntun jáde: ẹ sè ọkà nínú ásíìdì súfúríkì líle títí gbogbo náítírójìn inú rẹ̀ á fi wá sí ìrísí kan ṣoṣo, kí ẹ wá gbà á jáde bí amóníà kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Títí di òní, tí ẹ bá ka purotéènì lára ọ̀rá bisikíìtì tàbí agolo mílíìkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà Kjeldahl ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ilé ìwádìí yẹn kan náà ni Sørensen ti gbé ìwọ̀n pH jáde ní 1909.

Tí ẹ bá sì ti ṣe t-test rí ní yunifásítì, ẹ ní ẹjọ́ pẹ̀lú bálì. Ẹni tó gbé e jáde ní 1908, William Gosset, òṣìṣẹ́ Guinness ní Dublin ni. Bálì àti àwọn èròjà bíà ló ń yẹ̀ wò, ó sì nílò ọ̀nà tó fi lè mọ òótọ́ láti inú àpẹẹrẹ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ò jẹ́ kó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́, ló bá pe ara rẹ̀ ní «Student». Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, torí ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín ìmọ̀ tó ti inú ọtí wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sóko.

Bálì máa ń yọ ọmọ nídìí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń yọ ọmọ. Ẹ gbin hóró kan, ó yọ ewé kan, ó yọ méjì, ó yọ mẹ́ta, nígbà náà ni àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nídìí rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá yè á gbé ṣírí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà pòròpórò á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ewé tó kẹ́yìn á jáde, ṣírí á yọ, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn àgbẹ̀ àtàwọn onímọ̀ ní nọ́ńbà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Zadoks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló tò ó ní 1974, láti 0 dé 99. Ìpele 13 ni ewé mẹ́ta, 30 ni ìgbà tí pòròpórò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Náítírójìn tó bá dé ṣáájú 30, ewé àti ọmọ ni bálì fi máa ń ṣe. Ewé tó pọ̀ á gba oòrùn tó pọ̀, ọmọ tó pọ̀ á di ṣírí tó pọ̀, ṣírí tó pọ̀ á di hóró tó pọ̀. Lópin, náítírójìn yẹn ti tàn káàkiri inú sítáàṣì rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dé lẹ́yìn tí ṣírí ti ń yọ, kí ni bálì fẹ́ fi ṣe? Ó ti ka àwọn ọmọ rẹ̀ tán. Kò lè bí òmíràn tó máa so. Inú hóró tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa darí rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bíi hordein.

Ẹ rò ó bí iyọ̀. Tí ẹ bá bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń fi omi kún un tí ẹ ṣì ń já ẹ̀fọ́ sí i, á tàn kálẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹ bá wá bu iye iyọ̀ kan náà sí i nígbà tí ọbẹ̀ ti gbẹ tán, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iyọ̀ kan náà, ìkòkò kan náà.

Àwọn tó ń gbin àlìkámà fún búrẹ́dì mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń lò ó ní òdìkejì. Oníbúrẹ́dì fẹ́ purotéènì, nítorí náà wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fún àlìkámà ní náítírójìn nígbà tó bá ti pẹ́. Ohun tó ń fi owó kún owó ẹni tó gbin àlìkámà ló ń ba ọjà ẹni tó gbin bálì jẹ́. Aládùúgbò ni wọ́n lè jẹ́ o, odi kan ṣoṣo ló lè wà láàárín oko wọn.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní hẹ́kítà kan mú tọ́ọ̀nù 6 ọkà gbígbẹ jáde. Tí náítírójìn rẹ̀ bá jẹ́ 1.65%, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní kílò 16.5 nínú, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ kílò 99. Tó bá lọ sí 1.90%, ó di kílò 114. Kílò 15 péré ló wà láàárín wọn. Yúríà jẹ́ 46% náítírójìn, nítorí náà kílò 15 yẹn kò ju nǹkan bíi kílò 33 yúríà lọ. Kò tiẹ̀ tó àpò kan ní ọjà wa. Hẹ́kítà kan sì tó pílọ́ọ̀tì 15, irú èyí tí àwọn onílẹ̀ ń tà l'Ékòó ní ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ẹ pín in: yúríà kílò méjì àti díẹ̀ lórí pílọ́ọ̀tì kan, bí gbogbo rẹ̀ bá ráyè wọ inú hóró láìmú kí hóró pọ̀ sí i, ló ya ọkà wíìskì sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ màlúù. Nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ bálì tí wọ́n bá kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sí. Màlúù kì í bínú sí purotéènì, àmọ́ kì í sanwó mọ́ọ̀tì.

Torí náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin bálì ìgbà ìrúwé ní Bìrìtìkó máa ń fi apá kan ajílẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá ń gbìn ín, wọ́n á sì fi ìyókù sí i kí pòròpórò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibi tí àpò wà. Bí ewé bá pọ́n díẹ̀ ní oṣù June, kí wọ́n fara dà á. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àgbẹ̀ tó bá ń wo ewé tó ń pọ́n, ọwọ́ á máa yún un. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bá dà síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí wo ọkà, kì í pẹ́ kó tó sọ iye náítírójìn rẹ̀. Kjeldahl ò bá yà á lẹ́nu.

Títí débí, ó dà bíi pé àgbẹ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ pé «ẹni tí wọ́n kọ ọkà rẹ̀ kò ka ìwé ni».

Ẹ ro àgbẹ̀ kan tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó gbìn ín lásìkò. Ó da ajílẹ̀ lásìkò, ewé mẹ́ta ló wà lórí ọkà. Òjò wá kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ajílẹ̀ kì í wọ gbòǹgbò láìsí omi. Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà lókè níbẹ̀, ó ń wo òun náà. Àwọn ọmọ tí bálì ti yọ nídìí bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn náà òjò dé nígbà tí ṣírí fẹ́ yọ, ajílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ìjọ́sí yọ́, ó wọlé. Ní ìwé àgbẹ̀, ó tètè da ajílẹ̀. Ní ojú bálì, ó pẹ́ kó tó dà á. Bálì ò sì mọ ìwé kà.

Tàbí kí ọ̀dá dé nígbà tí hóró ń kún. Sítáàṣì ni ọ̀dá kọ́kọ́ ń dá dúró, nítorí purotéènì ti ń wọlé láti ara àwọn ewé tó ń gbẹ. Hóró á tín-ín-rín, ìpín purotéènì nínú rẹ̀ á gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣíbí ajílẹ̀ kan kún un.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀ nínú àpò. Tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ ẹran ti wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tàbí pé ẹ̀wà ni wọ́n gbìn síbẹ̀ kẹ́yìn, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ á máa tú náítírójìn sílẹ̀ nígbàkígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá bá wọn lára mu. Wọn kì í bi àgbẹ̀ léèrè. Ìdí nìyí tí bálì mọ́ọ̀tì fi máa ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ tí kò lọ́ràá jù, bí irú àwọn ilẹ̀ oníyanrìn kan ní Norfolk. Ohun tí àgbẹ̀ mìíràn ń pè ní ilẹ̀ òtòṣì, oníbálì ń pè é ní ilẹ̀ tó gbọ́rọ̀.

Ní Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko kan wà tí wọ́n ń pè ní Hoosfield, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin bálì láti 1852 kí wọ́n lè mọ ohun tí oríṣiríṣi ajílẹ̀ ń ṣe sí i. Ajílẹ̀ kan náà, ilẹ̀ kan náà, síbẹ̀ ìkórè kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Ojú ọjọ́ ló ń yàtọ̀.

Bó ṣe rí nìyí, ẹ wá wo àdéhùn. Àdéhùn mìíràn a máa yọ owó díẹ̀díẹ̀ bí náítírójìn bá ṣe ń gòkè. Òmíràn á kàn dá ọkọ̀ padà: o wà lábẹ́ ìlà, o gba owó mọ́ọ̀tì; o fi díẹ̀ kọjá ìlà, o gba owó màlúù. Èrò mi ni pé irú èkejì yẹn ò bójú mu. Kò sí ohun kankan nínú ẹ̀dá bálì tó ń yí padà lójijì ní 1.65%. Ṣúgà kì í já lulẹ̀ bí ẹni já sí kòtò. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Bishop ti fi hàn láti ìgbà yẹn. Bí ìpàdánù ẹni tó rà á bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ló dé tí ìjìyà ẹni tó tà á á fi jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Oníṣẹ́ mọ́ọ̀tì ní èsì tirẹ̀, ó sì tọ́ kí n sọ ọ́. Ó ní òun ò lè máa yí iṣẹ́ òun padà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ra mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ òun fẹ́ kó rí bákan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bálì tó ń gba omi lọ́ra àti èyí tó ń gba omi kíákíá kò ṣeé rẹ pọ̀ nínú ìkòkò kan. Òótọ́ ni. Mo gba gbogbo rẹ̀. Àmọ́ oníṣẹ́ mọ́ọ̀tì ní nǹkan tí àgbẹ̀ ò ní: ó ní ọkà láti oko tó pọ̀. Ó lè kó àwọn tó sún mọ́ra wọn jọ, ó lè fi wákàtí díẹ̀ kún omi rírẹ wọn, ó lè ta mọ́ọ̀tì tí purotéènì rẹ̀ pọ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọdún ọ̀dá, gbogbo agbègbè ni náítírójìn rẹ̀ á gòkè, kì í ṣe oko ẹnì kan. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, kí ìlà náà sún díẹ̀. Kí ẹni tó ní oko kan ṣoṣo má nìkan ru òjò tí kò rọ̀.

Ẹlòmíràn wà tó máa ń fẹ́ mọ́ọ̀tì tí náítírójìn rẹ̀ ga lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣe wíìskì ọkà ní Scotland, tí àlìkámà tàbí àgbàdo pọ̀ nínú tiwọn, òfin ò gbà wọ́n láyè láti ra ẹ́ńsáìmù kí wọ́n dà á sí i. Inú ọkà ni gbogbo ẹ́ńsáìmù gbọ́dọ̀ ti wá. Nítorí náà, mọ́ọ̀tì bálì díẹ̀ tí wọ́n fi sí i gbọ́dọ̀ lágbára débi tó fi máa sọ sítáàṣì ọkà yòókù di ṣúgà. Wọ́n ń wá ẹ́ńsáìmù, ẹ́ńsáìmù sì ń bá purotéènì rìn. Ẹ rí i báyìí pé kò sí bálì «burúkú» lásán. Ẹni tó fẹ́ rà á ni kó tètè sọ ohun tó ń wá.

Mo ti gbọ́ àtakò kan tó lágbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní tí gbogbo ajílẹ̀ bá tètè wọ ilẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò ṣì kéré, òjò ńlá kan lè wẹ̀ ẹ́ lọ sínú odò. Pé ó sàn ká máa fún ọkà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, wọ́n jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ pínpín in sí méjì láàárín ìgbà gbígbìn àti ìpele 30, kì í ṣe pípín in dé ìgbà tí ṣírí bá yọ. Ohun kan sì wà tí àwọn tó ń jà fún àyíká kì í sábà dárúkọ: ọjà mọ́ọ̀tì wà lára àwọn ọjà ọkà díẹ̀ tó ń fìyà jẹ ẹni tó da náítírójìn jù. Apá kan lára náítírójìn tó bá ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ lè di gáàsì nítírọ́ọ̀sì, tó ń mú ayé gbóná ní ohun tó lé ní ìlọ́po 250 ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ, kílò sí kílò. Àgbẹ̀ tí ẹ̀rù 1.65% ń bà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àpò. Ìdí nìyí tí mi ò fi sọ pé kí wọ́n fa ìlà náà ya. Kí ó dẹ̀ díẹ̀ ni mo wí.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Bálì ò fẹ́ràn ooru wa. Ṣùgbọ́n ní January 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó bálì àti mọ́ọ̀tì rẹ̀ wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ ọtí sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò ní ṣeé ṣe. Sítáàṣì ọkà bàbà nílò ooru tó ju ti bálì lọ kó tó rọ̀, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù tó ṣe pàtàkì sì kéré nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ra ẹ́ńsáìmù kún un. Ó ṣeé ṣe. Nígbà tó yá wọ́n gbé òfin náà kúrò, àmọ́ ọkà bàbà kò kúrò nínú ìgò.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnì kan gbé ìlà bálì, 1.65% tàbí 12%, kó fi lé oníọkà bàbà lórí. Mi ò gbà. Ìṣòro ọkà bàbà yàtọ̀: nígbà tí wọ́n bá fi pọn ọtí, oúnjẹ náítírójìn tí ìwúkàrà máa rí jẹ ló sábà máa ń kéré. Ẹni tó ń sá fún purotéènì nínú bálì lè máa wá a nínú ọkà bàbà. Ìlà tiwa gbọ́dọ̀ ti inú oko tiwa jáde, kí àgbẹ̀ sì gbọ́ ọ kó tó gbìn, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka agíríkọ́ṣọ̀, tí ẹ sì ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ ò ṣe gbìyànjú èyí? Ẹ mú irú ọkà bàbà kan, ebè tó dọ́gba, yúríà tó dọ́gba lórí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ nìkan ni kó yàtọ̀: apá kan nígbà tí ewé bá di mẹ́ta mẹ́rin, apá kan kí pòròpórò tó ga, apá kan nígbà tí orí rẹ̀ bá yọ. Ẹ tún un ṣe lórí ebè tó tó mẹ́rin fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí Gosset má bàa bínú. Ẹ wọn ìkórè, ẹ fi ọ̀nà Kjeldahl wọn purotéènì, kí ẹ rẹ díẹ̀ lára ọkà náà sómi kí ẹ wo bó ṣe ń hù. Ẹ kọ òjò ojoojúmọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú o. Láìsí ìwé òjò, ọjọ́ tí ẹ da ajílẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan fún yín.